Lẹ́ǹsì Tó Ń Fa Òkèèrè Mọ́ra

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní àdúgbò wa níbí, ní Ìgbájọ, ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Oyèkànmí. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bó bá ya òbùrẹ́wà, inú onítọ̀hún á dùn sí ara rẹ̀. Àbùkù kan tó ní ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdána ọmọ Láwuyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ló ń ya fọ́tò. Àgbẹ̀ ni Láwuyì, kò tètè mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ni Oyèkànmí bá pariwo lójú àwọn àna: "Ẹ kọjú síbí jàre! Ẹ̀yin ará oko yìí, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ ṣe ń dúró!"

Àwọn àna rẹ́rìn-ín. Láwuyì ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Oyèkànmí, ọjọ́ tó o bá dọ̀bálẹ̀ nínú ilé yìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí o ò bá ní dọ̀bálẹ̀, má gbé kámẹ́rà rẹ wọ ibí mọ́."

Oyèkànmí ò padà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé Láwuyì yìí ni ìyá wọn ń gbé o.

Ẹgbẹ́ mi ni ìyá náà, ara rẹ̀ ni kò le tó tèmi. Kò ní fọ́tò kankan láyé. Ìgbà tó lágbára, oko ni. Ìgbà tí ó dàgbà, ọmọ rẹ̀ ayàwòrán ń ya gbogbo ìlú, ó ní tìyá òun ò ní pẹ́. Ìyá wá ránṣẹ́ sí i pé, "Ẹ ní kí Kànmí wá yà mí kí n tó lọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè mọ ojú mi."

Kí ni Oyèkànmí ṣe? Ó lọ ra irin róbótó kan tó ní dígí nínú, èyí tí wọ́n ń fi kún lẹ́ǹsì kámẹ́rà kó lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, nǹkan yìí ń mu ìmọ́lẹ̀ o. Bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, fọ́tò ti bàjẹ́. Inú oòrùn ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé mi ló gbé e wá, nítorí pé ó kọjú sí ilé Láwuyì. Ìrọ̀lẹ́ ni, torí ìyá ò lè fara da oòrùn ọ̀sán. Òun nìyẹn níwájú ilé lódìkejì, ó wé gèlè, ó jókòó, ó ń wo ojú ọ̀nà.

Mo ní, "Oyèkànmí, títì kan péré ló wà láàárín yín. Sọ̀ kalẹ̀, kó o sọdá."

"Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Láwuyì?" Bó ṣe pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, lórúkọ lásán, bí ẹni tó ń pe ajá. "Màmá, ayé ti lajú. Èyí á gbé ìyá mi wá bá mi níbí."

"Ó lè gbé ojú ìyá rẹ wá. Ṣé á gbé ojú tìẹ lọ bá a?"

Ó gbé kámẹ́rà sójú. Ó ń tẹ kámẹ́rà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó wo ohun tó yà, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́ dáadáa.

Kó tó padà wá, ìyá sùn, kò jí mọ́.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹbí pé jọ sí pálọ̀ Láwuyì. Wọ́n ní kí Oyèkànmí mú fọ́tò ìyá wá kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Ohun tó ní ló mú wá. Ojú ìyá dàbí èéfín. Ohun kan ṣoṣo tó hàn níbẹ̀ ni àga rọ́bà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òfìfo.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ayàwòrán gbogbo ìlú, ṣé ìyá yín rèé, àbí aṣọ tí wọ́n sá?"

Láwuyì wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní, "Àga yìí, tìẹ ni. Ojoojúmọ́ ni ìyá wa ń ní kí n gbé e síta. Wọ́n ní bí Kànmí bá dé, kó má wá ibi jókòó tì."

Ìgbà yẹn ni Oyèkànmí tó dọ̀bálẹ̀, tó na gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Dìde," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹni tí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ì bá ṣe lóore ti wà lábẹ́ ilẹ̀."

Títí dòní, ìṣó tí wọ́n kàn fún fọ́tò ìyá wà lára ògiri náà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ilé náà ò mọ ojú ìyá wọn àgbà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ibi tó yẹ kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín dé, ẹ má fi ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bá sì jẹ, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹni tó máa gbà á ṣì wà láyé. Àbámọ̀ kì í ṣíwájú ọ̀ràn, ẹ̀yìn ní í gbé.