Ọwọ́ tí Ladina Kọ̀ láti Bọ̀

"Ladina, mo ní kí o bọ̀ mí lọ́wọ́!"

Ohùn Ìyáàfin Zurbriggen, olùkọ́ kíláàsì, gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé.

Ladina ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Rárá, mà."

Ní ìlú Chur níbí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ kíláàsì láàárọ̀ láì bọ olùkọ́ lọ́wọ́. Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti wọlé jókòó. Nevio, ọ̀kan nínú wọn, ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Ṣé ẹ̀sìn tuntun lo gbà ni? Àbí ìgbéraga?"

"Kì í ṣe ìkankan, mà."

Ìyáàfin náà yínmú. Ṣebí àwọn ọmọ yìí náà ni! Àwọn tó ń fín lọ́fínńdà bo òógùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ ìwé "Fọ ọwọ́ rẹ" mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ta ló mọ ohun tí eléyìí fọwọ́ kàn tó fi ń kó o pamọ́?

"Ọwọ́ ẹ dọ̀tí, àbí? Ọ̀bùn! Bọ̀ mí lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní bá wa lọ ṣeré orí yìnyín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Odidi ọdún ni Ladina ti ń retí ìrìn àjò náà.

Ó mú ọwọ́ jáde. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán ọṣẹ.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tíṣà bàjẹ́, tiwa lẹ lò láàárọ̀ yìí. Mo wà ní yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, mà. Ẹ ń sọ lórí fóònù pé ọ̀bùn paraku ni wá. Mo gbọ́ tí ẹ ṣan omi, mo gbọ́ tí ẹ ṣílẹ̀kùn jáde. Láàárín méjèèjì, ẹ ò fọwọ́."

Nínú kíláàsì, Nevio tu búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.