Onígbàjámọ̀ Tó Sá fún Ojú Ara Rẹ̀

Dúró ná, ìwọ tó ń kánjú. Gbọ́ ìtàn onígbàjámọ̀ kan tó fẹ́ràn ẹwà ojú rẹ̀ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Eyín rẹ̀ ń ṣàdédé ṣẹ̀jẹ̀, àmì pupa wẹ́wẹ́ sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní ohun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń pa èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

"Oògùn yìí á mú ojú yín wú," ni dókítà wí. "Ẹ fara dà á. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Àwa la máa dín in kù díẹ̀díẹ̀."

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá, àmì pòórá. Ṣùgbọ́n ojú wú lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ dígí ló yí ṣọ́ọ̀bù ká: ibi tó bá yíjú sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ló ń rí. Oníbàárà kan wá dá àpárá: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ń jẹ oúnjẹ ìyàwó yín mọ́ tiyín ni?" Gbajúmọ̀ bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á gbé oògùn àti omi fún un ní ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣé ẹ ti gbé e mì, olówó orí mi?"

"Ó ti wọlé."

Abẹ́ ahọ́n ló wà. Bí obìnrin náà bá ti kẹ́yìn sí i, á tu ú sínú abọ́ omi tó ń rẹ abẹ sí.

Ojú tó wú lọ sílẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Àmì pupa padà, ó fi ṣòkòtò gígùn bò ó. Ẹni tó bá gbé àrùn pamọ́, ó kọjá ohun tí oníṣègùn lè wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gẹ irun lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ.

Ọlọ́run ṣàánú, ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Orí ibùsùn ló ti jẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò bú u.

"Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ ni?" ló ní. "Ẹ lanu. Ẹ gbé e mì. Ó yá, ẹ gbé ahọ́n yín sókè kí n rí i."

Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Nígbà tó yá, dókítà dín oògùn kù, ojú sì padà sí bó ṣe wà. Ọwọ́ kò padà. Òun tó ń fá irun fún gbogbo àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ níwájú dígí báyìí.

Ẹ̀kọ́ rèé: ara yìí kì í ṣe tiwa, Ẹlẹ́dàá ló fi í sí ìkáwọ́ wa. Ẹni tó gbàdúrà ìwòsàn, tó wá ń tu oògùn dànù, ìdáhùn àdúrà rẹ̀ ló ń tu dànù. Bí oògùn bá ń ni ọ́ lára, dókítà ni kí o sọ fún, má ṣe fi pa mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, èyí tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ lónìí, gbé e mì.