Òdòdó Keje

Obìnrin oníkéèkì náà ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ áísìn funfun sára kéèkì, ó ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀ kó lè rí bí ìgbì òkun Varna. Bí ìyàwó Bàbá Stamen ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó wá to òdòdó ṣúgà mẹ́fà lé e.

“Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà kẹ̀?” Denitsa tó ń bá a tajà pariwo. “Òkú ló ni mẹ́fà! Márùn-ún tàbí méje là ń fún alààyè nílùú wa.”

“Bàbá fúnra ẹ̀ ló pè, tó ní mẹ́fà.”

“Bàbá ti ń ṣarán nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan sí i, kí ìyàwó ẹ̀ má wá fi kéèkì lù wá mọ́ ṣọ́ọ̀bù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníkéèkì lẹ òdòdó keje sáàárín.

Nígbà tí Bàbá Stamen dé, òun nìkan ni, láìsí ìyàwó ẹ̀ tó máa ń bá a wá. Ó tẹjú mọ́ kéèkì náà títí.

“Ìgbì yìí dáa,” ló wí. “Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi yọ òdòdó kan kúrò, kó ku mẹ́fà.”

Obìnrin náà yọ ọ́. Ihò kékeré kan ṣẹ́ kù láàárín. Ó mú ṣíbí, ó sì rọra fa ìgbì tuntun bò ó.