Bẹ́líìtì Bọ́ọ̀sì Dúrótoyè

Nígbà tí kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ike ní Sango dá Dúrótoyè dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó fi owó tí wọ́n fún un ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan tó ń lo dísù. Kọ́ńpìnnì kan náà yìí ló tún gbà á padà, pé kó máa fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Joju wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ọ̀gá tó ń mójú tó ọkọ̀ kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní bí bọ́ọ̀sì náà bá já àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà, ẹlòmíràn ni yóò máa kó wọn. Iṣẹ́ yìí sì ni gbogbo ilé ń jẹ.

Adérógbà ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ìkirè ni àwọn méjèèjì ti jọ wá. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ sùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Ọ̀tà, ṣòkòtò kan ṣoṣo tó dára láàárín wọn ni wọ́n sì jọ ń wọ̀ wáṣẹ́. Adérógbà ló sọ pé bẹ́líìtì táímìn ọkọ̀ náà, rọ́bà eléyín tó ń mú àwọn irin ẹ́ńjìnnì yí pọ̀, ti sán káàkiri.

"Bọ́ọ̀sì yìí ṣáà ń sáré dáadáa, Dérógbà."

"Ẹni tó máa ṣubú náà ń sáré dáadáa kó tó kọsẹ̀. Bí bẹ́líìtì yìí bá já lórí eré, àwọn fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lọ. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í ṣàánú èèyàn."

Dúrótoyè ra tuntun. Lọ́jọ́ Sátidé, Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun kò lè jókòó sílé kí wọ́n máa tú oúnjẹ àwọn ọmọ òun palẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ wá ṣọ́ mi ni?" ni Adérógbà wí.

"Bàbá Fáìzàh, mo wá wo bí ẹ ṣe máa sè é ni."

"Ẹ jókòó. Bó bá jinná, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adérógbà tú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí irin gbọ́dọ̀ ti kojú sí irin kó tó yọ bẹ́líìtì àtijọ́. Kó tó fọwọ́ kan tuntun, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ó kó eyín bẹ́líìtì sínú eyín irin, ó fà á le, ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, ó tún wo àmì. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Wọ́n pe ìrun Alásárì. "Ẹ jẹ́ kí n kírun, kí n wá dé e," ni ó wí. Dúrótoyè náà jáde lọ ra omi tútù wá fún un.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà padà dé, wọ́n bá Àtinúkẹ́ níwájú ẹ́ńjìnnì, ó dijú, ó ń gbàdúrà. Adérógbà dúró títí ó fi parí.

"Àmín," ó ní. "Ẹ bá mi fi ti ṣọ́ọ̀bù mi náà sí i."

Ó de ìdérí. Ọkọ̀ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì náà han lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan gun ọ̀kadà, àwọn tó kù fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń ṣépè.

Adérógbà tú ìdérí níwájú Dúrótoyè. Bẹ́líìtì tuntun náà ti wú, ó rọ̀, eyín rẹ̀ ti ṣí kúrò.

"Epo ló jẹ ẹ́," ni Adérógbà wí. Ó fi ìka kan ibi tí epo lè gbà jò láti inú ẹ́ńjìnnì. Ìka rẹ̀ gbẹ. "Ibo lepo ti wá?"

"Èmi lò ń bi? Ta ló fi bẹ́líìtì sí i?"

"Mo fọwọ́ lójú ẹ, Dúrótoyè."

"Àbí o kàn ń fi fífọ̀ yẹn bò mí lójú ni?"

Nílé, Dúrótoyè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Adérógbà ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Àtinúkẹ́ rẹ́rìn-ín kíkorò kan.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ará ìlú yín, Bàbá Pamílẹ́rìn. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wọ ṣòkòtò."

Dúrótoyè fẹjọ́ sun ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Joju, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Adérógbà kọjá. Nígbà tó di pé kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ wá mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, òun pẹ̀lú Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn padà sí Ìkirè. Ó wá kan ilẹ̀kùn Dúrótoyè kó tó lọ. Dúrótoyè wà nínú ilé, kò ṣílẹ̀kùn.

Dúrótoyè àti Àtinúkẹ́ ta ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ní Alapoti, wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Dúrótoyè dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kọ́ńpìnnì títí ó fi gbà.

"Èyí ni ìkẹyìn," ni ọ̀gá náà wí. "Bó bá tún dákẹ́ lọ́nà, ẹ má wulẹ̀ wá bẹ̀ mí."

Oyèwọlé, mẹkáníìkì tuntun tí pásítọ̀ ìjọ Àtinúkẹ́ júwe fún wọn, fi bẹ́líìtì mìíràn sí i, ó fà á le, ó wo àmì, gbogbo rẹ̀ bára mu.

Nígbà tó wọlé lọ wá nọ́ọ̀tì ìdérí, Àtinúkẹ́ yọ ìgò òróró àdúrà rẹ̀ jáde, ó ń dá sọ ọ́ pé ìwọ̀nba tí òun ta sára bẹ́líìtì Adérógbà lọ́jọ́sí ni kò tó láti borí ọ̀tá, ó sì rọra da òróró náà yí bẹ́líìtì tuntun ká títí ìgò fi gbẹ.