Ìyàwó Ọjọ́ Ìsinmi

"Ọ̀nà adágún kọ́ nìyí o," ni ìyàwó tuntun wí, nígbà tí Zenon ọkọ rẹ̀ wa mọ́tò gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Apẹ̀rẹ̀ sọ́séèjì tí wọ́n fẹ́ sun létí omi wà lórí itan rẹ̀. Ó ń yí òrùka rẹ̀, èyí tó fi òwú wé nítorí pé ó fẹ̀ jù fún un.

Zenon ju épírọ́ọ̀nù sí i. "Sọ̀ kalẹ̀, jàre. Àwọn tó fẹ́ ra èédú ti tò sẹ́nu ọ̀nà."

"Ṣebí ìjọba fún wa ní ìsinmi lónìí! Lọ́dún tó kọjá, ilé ni mo wà, ẹ sì sanwó fún mi."

"Òṣìṣẹ́ ni ẹ́ nígbà yẹn. Òfin ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ tajà lónìí, àfi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àtàwọn ará ilé ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ló kù tí mo ní."

Ìyàwó náà so épírọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ òde rẹ̀, ó bọ́ sídìí káńtà.

Kò pẹ́ tí Bogumiła wọlé, òṣìṣẹ́ tí òun àti ìyàwó náà ti jọ ń tajà níbẹ̀ tipẹ́. Ó ti kun ètè, ó ń lọ sí adágún. Ó wo épírọ́ọ̀nù, ó wo òrùka, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Ìwọ lo wá gbà á?"

"Gba kí ni?"

"Òrùka yẹn! Kérésì tó kọjá ni Zenon fi lọ̀ mí. Mo ní mi ò lè torí ọkọ pàdánù ọjọ́ ìsinmi mi."

Ó na ọwọ́ gba àpò èédú. Ìka rẹ̀ tóbi, ó ki.

Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú ara òrùka.