Ìwé Tó Pè Mí Ní AS

Dókítà Theresa ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mà, AA ni yín. Ẹ̀ẹ̀mejì la yẹ apilẹ̀ àbùdá yín wò. Ẹni tó kọ AS fún yín nígbà yẹn ló ṣàṣìṣe."

Mo ní, "Ẹ ṣé."

Ogún ọdún ni èmi àti Najeem ọkọ mi ti ń tẹ̀lé ìwé AS yẹn. AS lòun náà. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àbúrò mi, mo sì búra pé mi ò ní bímọ sínú irú ìrora bẹ́ẹ̀. Najeem gbà.

Àwọn ẹbí rẹ̀ n'Ílọrin ń pè mí ní àgàn. A ò sọ ìdí fún wọn.

Lóṣù tó kọjá, ó gbọ́ lórí fóònù pé àwọn dókítà ti ń tún apilẹ̀ àbùdá àwọn tó ní SS ṣe.

"Ìbílọlá, bí ìwòsàn bá ti wà, ẹ̀rù kí ló tún ń bà wá?"

Òun ló mú mi wá ṣàyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn yìí ní Bauchi Road. Mi ò lè sọ pé rárá.

Mo na ìwé tuntun náà sí i níta.

"Haba! AA? Kò sí ọmọ wa tó lè jẹ́ SS!"

Ó ń sunkún. Ó ti ń pe ìyá rẹ̀: "Ìyá, ẹ ṣàdúà fún wa, a fẹ́ bímọ!"

Ó gbé fóònù sí mi létí. Ìyá ń ṣàdúà, mò ń ṣe àmín.

Ọdún kejì rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi mọ́.

Ààwẹ̀ Ramadan méjì ni mo ti gbà láìpa ọjọ́ kan jẹ torí nǹkan oṣù. Najeem ò ṣàkíyèsí.