Wúrà Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ṣe Afárá Eyín

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí idẹ bá jáde níbi tí gbogbo èèyàn ti ń retí wúrà, ta ni ẹ máa mú? Ṣekárími ló jẹ̀bi nínú ìtàn yìí, àmọ́ ẹ má tíì bi mí lórúkọ.

Ládùúgbò wa nítòsí ìlú Panjakent, eyín wúrà lobìnrin fi ń fọ́nnu. Nígbà tí eyín iwájú méjì yọ lẹ́nu Sabohat, ìyá Davron, ó lọ bá Usto Safar, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe eyín. Usto ní afárá ni òun máa ṣe: òun á gbẹ́ eyín ọ̀tún àti tòsì tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n di òpó, wúrà á sì nà láti orí ọ̀kan dé èkejì.

"Ìyá Davron, ṣé wúrà wà nílẹ̀?"

"Ṣé ilé tèmi lo ti ń bèèrè wúrà? Gbẹ́ ẹ, jàre."

Usto gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀, wúrà tó tó orí abẹ́rẹ́ kò sí nílé Sabohat; ó ń retí pé ọmọ òun á wá a. Eyín tí a ti gbẹ́ kò sì ṣeé dá padà. Tíì gbígbóná ń ta á, omi tútù ń ta á.

Munisa, ìyàwó Davron, kò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò péjọ sídìí ààrò búrẹ́dì, ó bọ́ yẹtí tí Sabohat fi sí i létí lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

"Ìyá, ẹ fi èyí ṣe eyín yín."

"Rárá, ọmọ mi, tìẹ ni."

"Gbà á," ni àwọn obìnrin wí. "Ta ló ń rí irú ìyàwó báyìí?"

Sabohat gbà á. Kí ni ìbá tún wí?

Usto yọ́ ẹyọ kan, idẹ ni. Ó gbé e padà wá sílé Sabohat. "Èmi ò ní fi èyí sẹ́nu èèyàn."

Wọ́n kọ́kọ́ fura sí Usto, títí tí wọ́n fi ha ẹyọ kejì tí kò tíì yọ́, tí òun náà jẹ́ idẹ. Ni Sabohat bá nàka sí Munisa. "Ó ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti kó wúrà mi fún ìyá ẹ̀." Davron bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìyàwó rẹ̀ láti dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

"Mi ò bọ́ ọ létí rí títí di ọjọ́ tí mo fún yín," ni Munisa wí.

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Hanifa, àbúrò Sabohat tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Àwa méjèèjì la jọ ra yẹtí idẹ yìí. Ẹ ní ó ṣáà ń dán, pé ta ló máa yọ́ ọ wò."

Davron kò tú ẹrù náà. Ó di tirẹ̀ mọ́ ọn, òun àti Munisa sì kó lọ sí òdìkejì ìlú. Òpó tí kò rí afárá gbé jẹrà, àwọn náà sì yọ. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Búrẹ́dì tí kò bá rẹ sínú tíì, ìyá náà ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: má fi ohun tó ò ní ṣe fáàrí, bí àṣírí bá sì fẹ́ tú, má di ẹ̀bi rẹ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹni tó jẹ́wọ́ á tijú lọ́jọ́ kan. Ẹni tó purọ́ mọ́ ẹlòmíràn á pàdánù ẹni tí ìbá tọ́jú rẹ̀. Usto kọ́ ló jẹ̀bi. Munisa kọ́. Sabohat ni.